Wọ́ọ̀dù nílùú òyìnbó, wọ́ọ̀dù inú ọkọ̀ ojú omi ní Sàró

Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé mo gba líìfù tí wọn ò ní sanwó fún mi, pé mo kúrò nílé-ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní UK lọ ṣiṣẹ́ nínú Global Mercy, ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ ilé-ìwòsàn, ní Freetown ní Sàró (Sierra Leone), ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí, èló ni wọ́n ń san? Tí mo bá wá sọ pé èmi gan-an ni mò ń sanwó, pé àfi àwọn ọmọ Sàró tí wọ́n gbà síṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa yòókù, dókítà o, ẹni tó ń fọ abọ́ o, la ń san owó oúnjẹ àti owó ibùsùn wa lóṣooṣù, ńṣe ni wọ́n máa ń dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò tiẹ̀ dákẹ́ ní tiẹ̀. Ó ní, "Modúpẹ́, orí ẹ pé báyìí? O torí owó kúrò ní Nàìjíríà, o wá ń sanwó kí wọ́n lè jẹ́ kó o ṣiṣẹ́?"

Mi ò polówó o. Ọkọ̀ yẹn tóbi, àjà 12 ló ní, tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ) 6 ló wà nínú ẹ̀, oṣù kẹjọ 2023 ló gúnlẹ̀ sí Freetown, ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, gẹ̀gẹ̀, ètè tó là, ẹsẹ̀ ọmọdé tó tẹ̀, awọ ara tí iná jó tó wá sún kì. Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ kan náà ni mò ń ṣe níbi méjèèjì, mò ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, mò ń tún egbò ṣe, mò ń pín oògùn, àmọ́ bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́ níbẹ̀ ò jọ bó ṣe ń mọ́ níbí rárá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ orúkọ. Ní UK, tí bàbá ẹni ọdún 84 bá wọ wọ́ọ̀dù, wọ́n á bi í pé kí ni kí àwọn máa pè é, á ní John, wọ́n á kọ John sára bọ́ọ̀dù tó wà lókè orí ẹ̀, ọmọ ogún ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, John, ṣé o ti tọ̀? Mo ti pẹ́ níbẹ̀, ẹnu mi ò tíì gbà á, mo máa ń fi "sir" há a láàárín, àwọn bàbá yẹn á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ní Freetown, Pa ni Pa, Mama ni Mama, èmi náà ni Sista. O ò sì lè gbé ẹ̀rọ ìfúnpá dé ọ̀dọ̀ ìyá kan láàárọ̀ kó o kàn fa apá ẹ̀, ó di "aw yu slip?" (ṣé ẹ sùn dáadáa, ní èdè Krio), ó di "a tɛl Gɔd tɛnki" (mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run), wàá béèrè àwọn ọmọ, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì á dá sí i, ẹni kẹta náà á dá sí i. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wá láti Texas àti Holland kọ́kọ́ rò pé à ń fi àkókò ṣòfò ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé àárín ìkíni yẹn gan-an ni ìyá náà ti máa jẹ́wọ́ pé òun ò sùn, ibi tí wọ́n gé ń ta òun, nǹkan tó jẹ́ pé tó o bá bi í ní tààràtà, á ní kò sí o, ara òun le.

Àwọn ọmọ Sàró tó ń ṣe ògbufọ̀ wà ní wọ́ọ̀dù, Krio, Temne, Mende, àwọ̀ wa sì jọra, torí náà aláìsàn tuntun á rí mi, á gbà pé ògbufọ̀ ni mí, á máa wo ẹ̀yìn mi bóyá nọ́ọ̀sì ń bọ̀. Bàbá kan fi Temne ro ẹjọ́ gẹ̀gẹ̀ ẹ̀ fún mi látòkè délẹ̀, mi ò gbọ́ ẹyọ kan, nígbà tó parí ó nawọ́ sí ọ̀dọ̀ dókítà pé kí n lọ sọ fún un. Ní UK náà wọ́n máa ń ṣì mí mú, màá wọ yúnífọ́ọ̀mù, màá kọ́ orúkọ sáyà, ẹnì kan á ṣì ní kí n lọ bá òun pe nọ́ọ̀sì wá, torí ó rò pé èmi ni mo wá gbálẹ̀. Tibẹ̀ yẹn máa ń dùn mí. Ti Freetown ò dùn mí, ọmọ ilé ni wọ́n kà mí sí.

Wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣàṣìṣe, torí àwọn Krio kan, àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ni baba ńlá wọn, ọ̀nà tí Àjàyí Crowther gbà débẹ̀ lọ́dún 1822 nìyẹn. Ìyá kan bi mí lórúkọ, mo ní Modúpẹ́, ó ní àbúrò ìyá òun ń jẹ́ Modupe, látọjọ́ yẹn kò gbà kí nọ́ọ̀sì míì tún bá òun tú báńdéèjì. Àkàrà pọ̀ lójú títì wọn náà, wọ́n ń fi í sáàárín búrẹ́dì.

Ọ̀rọ̀ iná, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Iná kì í lọ nínú ọkọ̀, Starbucks pàápàá wà níbẹ̀ (èmi náà rẹ́rìn-ín), àmọ́ tó o bá jáde síta lálẹ́ wàá rí apá ibì kan lórí òkè tó ṣókùnkùn biribiri. Ọmọ Amẹ́ríkà tó dúró tì mí ń ké háà. Èmi ọmọ Ìbàdàn, kí ni mo fẹ́ ké háà sí?

Àdúrà ńkọ́. Ní UK, tí aláìsàn ò bá fẹnu ara ẹ̀ béèrè, má dán an wò, wọ́n lè torí ẹ̀ pè ẹ́ sí ọ́fíìsì. Nínú ọkọ̀ a máa ń gbàdúrà ká tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe òru, a sì máa ń bi aláìsàn kó tó wọ tíátà bóyá ó fẹ́ ká gbàdúrà. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Sàró. Ó ń ya àwọn òyìnbó lẹ́nu pé Alhaji á ní ẹ gbà á, á ṣe àmín tó dún, lẹ́yìn náà á dojú kọ ìlà-oòrùn kírun tiẹ̀. Nílé wa, Kristẹni ni bàbá, àbúrò ẹ̀ lọ sí Mẹ́kà, ewúrẹ́ iléyá kan náà la jọ ń jẹ.

Ohun tó wá yàtọ̀ jù ni àyè. Ní Freetown, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ń sùn sórí mátírẹ́ẹ̀sì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, wọ́ọ̀dù ò dákẹ́ rárá, ọmọdé ń ta káàdì Uno, ẹnì kan ń kun èékánná fún ẹnì kejì, èmi náà lè jókòó tì wọ́n. Ní UK kọ̀ǹpútà ni mò ń jókòó tì, aago ń dún lápá ọ̀tún, aago ń dún lápá òsì, bàbá tí ẹnì kankan ò wá wò látàárọ̀ á dì mí lọ́wọ́ mú, màá ní mò ń bọ̀ sir, ẹsẹ̀ mi ti wà níta. Àwọn kan á ní òyìnbó ò nífẹ̀ẹ́. Irọ́ ni. Mo ráyè jókòó ní Freetown torí pé wọ́n ti ka iye aláìsàn tí a máa gbà, a sì ti dá àwọn tó kù padà. Ẹ ò tíì rí nǹkan àfi tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn èèyàn wò, ẹni tó rin ìrìn ọjọ́ méjì wá, tí wọ́n wá sọ fún pé àìsàn ẹ̀ kọ́ la wá wò, ó ń tún ìborùn ẹ̀ wé, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní UK wàá dúró de iṣẹ́ abẹ títí ó máa sú ẹ, ó lè ju ọdún kan lọ, àmọ́ ilé-ìwòsàn yẹn ò ní tú okùn kó ṣí lọ síbòmíì. Nígbà tí wọ́n bá ń bú NHS, ètò ìlera ìjọba UK, nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa báyìí, mi ò lè dá sí i mọ́.

Ti ẹ̀jẹ̀ tún wà. Ní UK, mo máa ń lọ fún wọn lẹ́jẹ̀, torí wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ àwa èèyàn dúdú gan-an fún àwọn tó ní sickle cell, wọ́n á fún mi ní bisikíìtì, tó bá yá wọ́n á tẹ mẹ́sééjì ránṣẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sí ilé-ìwòsàn báyìí báyìí. Mi ò mọ ẹni tó gbà á. Nínú ọkọ̀, àwa tó ń gbé ibẹ̀ ni báǹkì ẹ̀jẹ̀. Wọ́n pe ọkùnrin kan tó ń tún ẹ́ńjìn ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gòkè wá pẹ̀lú gíríìsì lọ́wọ́, wọ́n ní kó lọ fọ̀ ọ́, ó na apá, ẹ̀jẹ̀ náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí wọ́n gbé e kọjá níwájú mi lọ sí tíátà. Lọ́jọ́ kejì ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, kò mọ ohun tó máa sọ, ìyàwó ẹni tó gbẹ̀jẹ̀ náà dìde, ó kúnlẹ̀ fún un, ọkùnrin náà pọ́n wẹ̀ lójú, òun náà kúnlẹ̀.

Mo padà sí UK, mẹ́sééjì ti wà nílẹ̀ pé kí n wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, mo pè wọ́n, wọ́n bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Ọmọbìnrin náà ní ibi tí ibà wà ni mo lọ yẹn, ó kéré tán oṣù mẹ́rin ni màá fi dúró, wọ́n á sì tún yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò kí wọ́n tó gbà á. Mo ti kọ déètì náà sínú fóònù mi, ọjọ́ kejì ṣíìfù òru ló bọ́ sí.