Nọ́ńbà 100 ṣì wà lọ́nà

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yàrá ìròyìn, ẹ̀yin agùnbánirọ̀ àti ẹ̀yin ọmọ I.T., mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ lẹ́yìn mi. Ẹ ní ọwọ́ mi wúwo. Ẹ ní ìròyìn táwọn rédíò tó kù ti kà tán ni mo ṣì máa ń dì mú, pé mo máa ń ka èsì ìdíje látòkè délẹ̀ bí ẹni ń yẹ ìwé ilẹ̀ wò. Ẹ ò parọ́. Àmọ́ ẹ ò mọ ohun tó fà á, ẹ jẹ́ n rò ó fún yín.

Ọdún 2017 ni. Mi ò tíì pé ọdún kan nídìí iṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ rédíò kan níbí l'Òṣogbo. Ẹni tó ń ka ìròyìn eré ìdárayá kó lọ sí Èkó, wọ́n wá ní kí n máa bá a dí àlàfo náà: ìṣẹ́jú márùn-ún lágogo mẹ́rin, ìṣẹ́jú márùn-ún lágogo márùn-ún. Bọ́ọ̀lù lèmi mọ̀. Bọ́ọ̀lù náà làwọn olùgbọ́ wa ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ti gbọ́ pé Seun Adigun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ méjì fẹ́ gbé orúkọ Nàìjíríà lọ síbi Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, pé ọkọ̀ tó ń yọ̀ lórí yìnyín ni wọ́n fẹ́ máa wà. (Wọ́n lọ lóòótọ́, ní PyeongChang lọ́dún 2018. Simidele Adeagbo náà wà níbẹ̀.) Màmá ní bí ọmọ tiwa bá lè lọ figagbága lórí yìnyín, ó yẹ kí ọmọ Òròkí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lórí yìnyín. Ó pàṣẹ pé kí n máa fi ìròyìn kan láti ibẹ̀ kún tèmi lójoojúmọ́. Mò ń ṣe é, àmọ́ bí ẹni ń jẹ ewúro tí wọn ò fọ̀ ni.

Bí mo ṣe kan ìdíje àgbáyé biathlon nìyẹn, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16 oṣù kejì. Hochfilzen ní Austria ni wọ́n ti ń ṣe é. Kí ni kí n wá pe biathlon fún ìyá tó ń pa aró lágboolé ẹ̀? Mo pè é ní eré ọdẹ orí yìnyín. Èèyàn á de pákó gígùn pẹlẹbẹ méjì mọ́ ẹsẹ̀, á mú ọ̀pá méjì lọ́wọ́, á gbé ìbọn kọ́ ẹ̀yìn, á wá máa yọ̀ lórí yìnyín, á gun òkè, á sọ̀ kalẹ̀. Bó bá dé ibi ìyìnbọn, á dúró, á yin ọta márùn-ún, á tún gbéra. Ti ọjọ́ yẹn, kìlómítà 20 ni, ìgbà mẹ́rin ni wọ́n sì máa yìnbọn, ọta 20 lápapọ̀. Ọta kan ṣoṣo tó bá tàsé, wọ́n á fi odindi ìṣẹ́jú kan kún àkókò ẹni náà.

Gbogbo èyí ni mo kà. Ohun tí mo fò ni bí wọ́n ṣe ń gbéra. Wọn kì í jọ gbéra pọ̀. Ọ̀kan á lọ, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30, òmíràn á tẹ̀ lé e, títí wọn á fi lọ tán. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: kí ẹni tó wọ nọ́ńbà 100 tó gbéra, ìṣẹ́jú 49 àtààbọ̀ ti kọjá tí ẹni àkọ́kọ́ ti lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá yá á sì parí kìlómítà 20 yẹn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 48. Ìyẹn ni pé ẹni àkọ́kọ́ lè ti dé, kó ti wọ ẹ̀wù òtútù, kó máa mu tíì, nígbà tí nọ́ńbà 100 kò tíì gbé ẹsẹ̀ kan.

Aago tiwọn àti tiwa dọ́gba lásìkò ọyẹ́, torí náà eré ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí mò ń múra ìròyìn agogo mẹ́rin. Mo wo íntánẹ́ẹ̀tì. Ondřej Moravec, ọmọ orílẹ̀-èdè Czech, ló wà lókè. Ó yin 20, ìkankan ò tàsé. Martin Fourcade ọmọ Faransé wà nísàlẹ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún márùn-ún léraléra ni Fourcade ti fi jẹ́ ọ̀gá gbogbo wọn nínú eré yẹn. Mo ní bí Fourcade ò bá lè ká Moravec, ta ló kù? Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé Moravec gba góòlù. Mo kà á sórí afẹ́fẹ́, ohùn mi ń dún bí agogo. Mo wá bọ́ síta lọ ra agbálùmọ̀.

Nígbà tí mo padà, iná ti lọ, wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀. Mo tún ojú ewé náà ṣí. Orúkọ tó wà lókè ti yí padà. Lowell Bailey, Amẹ́ríkà. Òun náà yin 20, ìkankan ò tàsé. Ìṣẹ́jú àáyá 3.3 ló fi ju Moravec. Nọ́ńbà tó wọ̀: 100.

Mo kọ́kọ́ rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló ń ṣe wèrè. Amẹ́ríkà kọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje àgbáyé biathlon, ọmọ Amẹ́ríkà kan ò gba góòlù níbẹ̀ rí. Mo tún un ṣí lẹ́ẹ̀mẹta. Kò yí padà.

Mo wá wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ta ló máa mọ̀ l'Òṣogbo? Ta ni ní Olúòde tàbí Ìgbọ̀nà tó máa pe rédíò pé Moravec kọ́ ló gbà á? Mo ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n ka bọ́ọ̀lù nìkan lágogo márùn-ún. Bóyá ojú mi ló tú mi fó, Màmá bi mí pé kí ló dé. Mo ṣàlàyé. Mo wá fi kún un, “Màmá, kò sẹ́ni tó mọ̀ o.”

Ó yọ jígí ojú ẹ̀. “Ìwọ ńkọ́? Ìwọ kì í ṣèèyàn ni?”

Lágogo márùn-ún, òun ni mo kọ́kọ́ kà kí n tó fẹnu kan bọ́ọ̀lù: pé ohun tí mo sọ lágogo mẹ́rin kò rí bẹ́ẹ̀, pé mo kéde kí eré tó parí, pé Bailey ló gba góòlù. Ọ̀fun mi gbẹ, mo sì ń gbọ́ gbígbẹ ẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí mo fi sétí.

Lẹ́yìn ìròyìn, a máa ń gba ìpè. Bàbá ọdẹ kan láti Ìlobùú ló kọ́kọ́ wọlé. Mo ti múra èébú sílẹ̀, àmọ́ bàbá ò tiẹ̀ dárúkọ àṣìṣe mi. “Ọmọ mi, ohun tí wọ́n ń yìnbọn sí yẹn, báwo ló ṣe jìnnà sí wọn tó? Báwo ló sì ṣe tóbi tó?”

Mi ò mọ̀. Ẹ wo ìyẹn náà: mo ti pe orúkọ eré yìí sórí afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọdẹ yóò bèèrè ló ká mi mọ́. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di ọ̀la.”

Mo kà á lóru ọjọ́ yẹn. Mítà 50 ni. Ojú àmì márùn-ún ló wà níbẹ̀, dúdú, tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ yin ín, ibi tí ọta gbọ́dọ̀ bà kò ju mílímítà 45 lọ ní fífẹ̀, kò ju agbálùmọ̀ kan lọ. Bí wọ́n bá wà lóòró, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ dé mílímítà 115, bí ẹnu abọ́ ọbẹ̀ kékeré. Ìbọn náà fúnra ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju kílò 3.5 lọ, ẹ̀yìn wọn ló sì máa wà jálẹ̀ gbogbo ìrìn àjò yẹn. Mo kà á lọ́jọ́ kejì. Bàbá tún pè, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹni tó sáré gun òkè, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, bó bá yìnbọn, igi ló máa bà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èémí ẹ̀ wálẹ̀ ná. Ó sì gbọ́dọ̀ yára jẹ́ kó wálẹ̀, torí ẹran ń lọ. Àwọn òyìnbó yẹn, ọdẹ ni wọ́n.”

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí là mí lójú ju gbogbo ohun tí mo kà lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ni, à bá mọ ẹni tó máa gbà á látilé. Àmọ́ nínú eré kìlómítà 20 yìí, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yá jù lọ lè tàsé ẹ̀ẹ̀kan, kí ìṣẹ́jú kan ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí a ò kà sí lè mí dáadáa lẹ́ẹ̀mẹrin péré, kó sì gba góòlù. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ka èsì ṣáájú ẹni tó gbẹ̀yìn, bó ti wù kí orúkọ àwọn tó ti dé tóbi tó.

Màmá ò tíì fi mí sílẹ̀ o. Nínú àtúnṣe tí mo kọ, mo pe Bailey ní “ẹni tẹ́nikẹ́ni ò retí.” Ó fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí, ó kọ “TA NI?” sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Mo rò pé ó kàn fẹ́ fi orí mi gbá ilẹ̀ ni. Ìgbà tí mo wá lọ wo èsì ìdíje tó ti kọjá lórí pápá kan náà, ojú tì mí lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ márùn-ún péré ṣáájú, nínú eré kìlómítà 10, Bailey ló ṣe ipò kẹrin. Àwọn tó wà níwájú ẹ̀ ni Benedikt Doll ọmọ Jámánì, Johannes Thingnes Bø ọmọ Norway, àti Fourcade. Ẹni tó bá ka ìlà mẹ́rin á ti rí orúkọ ẹ̀. Èmi ka mẹ́ta, torí àwọn mẹ́ta ló gba mẹ́dàlì.

Ẹni ọdún 35 ni Bailey lọ́jọ́ yẹn. Ọdún tó ṣáájú ló ti fẹ́ fi eré náà sílẹ̀, kó lọ máa sin màlúù. Ìtàn tó dùn nìyẹn, gbogbo ayé ló sì ń sọ ọ́. Ipò kẹrin yẹn ò dùn ún sọ, àmọ́ òun gan-an ló wúlò fún oníròyìn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí mo bá rí “a ò retí” nínú ìwé yín, mo máa ń bi yín pé ìlà mélòó lẹ kà. Kì í ṣe ìkà ni mò ń ṣe.

Mi ò sọ pé oríire ò sí níbẹ̀. Níbi Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Vancouver lọ́dún 2010, Vincent Jay ọmọ Faransé ló gba góòlù eré kìlómítà 10. Nọ́ńbà 6 ló wọ̀, ó ti lọ jìnnà kí ojú ọjọ́ tó bàjẹ́ mọ́ àwọn àgbà tó gbéra lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n ní oríire ni. Ó dáa. Ọta mẹ́wàá tó yìn, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló bà, ojú ọjọ́ kọ́ ló bá a yin ìyẹn.

Ohun kan tí mo kó wá láti ibi ọ̀rọ̀ yìí kéré lójú, ọ̀rọ̀ ìṣe ni. “Ló wà níwájú” àti “ló borí” kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Tẹ́lẹ̀, bó bá ṣe wá sí mi lẹ́nu ni mo máa ń lò wọ́n. Ní báyìí, “ló borí” kì í jáde lọ́wọ́ mi àfi tí mo bá ti rí i pé ẹni ìkẹyìn ti dé.

Òun ló gbà mí lọ́dún 2018, nígbà tí ọ̀rọ̀ dojú kọ ibòmíràn. Ọjọ́ 15 oṣù kejì, ní PyeongChang, kìlómítà 15 tàwọn obìnrin. Hanna Öberg ọmọ Sweden, ẹni ọdún 22, tí kò tíì wà lára ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ rí nínú eré World Cup biathlon kankan, yin 20, gbogbo ẹ̀ bà. Ó parí, ọ̀pọ̀ ṣì wà lórí yìnyín. Agùnbánirọ̀ tó wà lọ́dọ̀ mi ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ọmọ yìí, àwọn àgbà ṣì ń bọ̀.” Àṣìṣe tèmi náà nìyẹn, ó kàn wọ ẹ̀wù sódì ni. Mo kọ “Öberg ló wà níwájú, eré ò tíì parí.” Nígbà tí gbogbo wọn dé tán, Laura Dahlmeier tó ti gba góòlù méjì níbẹ̀ tàsé ẹ̀ẹ̀kan, ó ṣe ẹ̀kẹta. Anastasiya Kuzmina ọmọ Slovakia tàsé ẹ̀ẹ̀mejì, síbẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá 24.7 péré ni Öberg fi jù ú. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fi kún ti Kuzmina o! Ẹsẹ̀ ẹ̀ yá ju ti ọmọ yìí lọ jìnnà. Èmi àti agùnbánirọ̀ yẹn jọ ṣírò ẹ̀ lẹ́yìn ìwé ni, ó sì pe bàbá ọdẹ fúnra ẹ̀ láti sọ fún un.

Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni ìdìbò gómìnà wa. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀ṣun ò ní gbàgbé, mi ò sì ní dá sí òṣèlú ẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23, ìbò 353 ni ẹni tó wà níwájú fi ju ẹnìkejì ẹ̀, nínú ìbò tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù tí àwọn méjèèjì jọ pín. Yàrá ìròyìn ń hó bí ọjà Olúòde. Ọmọbìnrin I.T. kan, tí ọwọ́ ẹ̀ yá tí orí ẹ̀ sì pé, ti tẹ àkọlé tán: orúkọ ẹni tó wà níwájú, àti “ló wọlé.” Mo dúró lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní, “Àbúrò, ibùdó mélòó ni ìbò ò tíì pé?” Ó wá a. Méje. Ó wojú mi, ó pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, ó tẹ òmíràn.

INEC kéde pé ìdìbò ò tíì parí, kí wọ́n padà lọ dìbò láwọn ibùdó méje yẹn ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27. Ẹni tó wà lẹ́yìn ni wọ́n kéde nígbẹ̀yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, kí èsì tó jáde, fóònù ń dún láìsinmi. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ kí n sọ orúkọ kan. Mo gbé ọ̀kan, ohùn Ìlobùú ni.

“Ọmọ mi, ṣé nọ́ńbà 100 ti dé?”

“Bàbá, ó ṣì wà lọ́nà.”

“Ó dáa. Mo dúró.” Ó gbé fóònù kalẹ̀.