Ẹ Wo Etí Omi Kí Ẹ Tó Ju Ìwọ̀

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwọ̀ jíjù ní adágún abúlé wa, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Òǹdó, àárín omi ló máa ń dojú kọ. Ẹja ò pọ̀ níbẹ̀. Etí omi ni oúnjẹ rẹ̀ wà, nídìí òṣíbàtà àti koríko tó rì sómi, nítorí náà ẹ má wọ inú omi rárá. Kòkòrò tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀ máa ń gba awọ ara wọlé nínú omi tó dúró sójú kan. Ẹ dúró lórí ilẹ̀, kí ẹ sì rọra tẹ̀ ẹ́, torí ẹja tètè máa ń mọ ìró ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá rí i tí nǹkan yọ ẹnu síta tó tún wọlẹ̀ kíá, àrọ̀ ló wá mí yẹn. Ìfun adìẹ ni kí ẹ fi dẹ ẹ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kí ìwọ̀ kan ìsàlẹ̀. Tó bá jáde, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀yìn ẹ̀gún yẹn ni kí ẹ ti dì í mú.

Ti ẹpìyà yàtọ̀. Ẹnu rẹ̀ kéré, nítorí náà ìwọ̀ tó kéré jù lọ́jà ni kí ẹ rà, pẹ̀lú okùn ọ̀rá tínrín. Ekòló dára, ẹ̀bà tó le náà dára.

Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá fà tó sì mọ́, ẹ máa rí kòtò roboto bí àwo nísàlẹ̀. Akọ ẹpìyà ló gbẹ́ ẹ, kò sì ní jẹ́ kí ẹja mìíràn sún mọ́ ọn. Ó máa ń tètè gbé ìwọ̀ níbẹ̀, àmọ́ èmi kì í ju ìwọ̀ síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yé ẹyin. Irú ẹpìyà kan wà tí abo rẹ̀ ń kó ẹyin àti ọmọ sẹ́nu. Kì í sábà jẹun nígbà náà, síbẹ̀ ìwọ̀ lè há a. Mo mú ọ̀kan rí tí àgbọ̀n rẹ̀ wú. Bí mo ṣe ń tú ìwọ̀ ni ó ń pọ ọmọ wẹ́wẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, tín-ín-tín, ojú lásán ni gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lórí ilẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí irú ẹ̀ wà nínú omi bí ẹ ṣe ń tú u sílẹ̀. Ìyá náà ṣì lè kó wọn padà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni oògùn kòkó tí àwọn kan ń dà sómi lóru kí ẹja lè léfòó. Gàmálìn ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ìjọba sì ti fòfin dè é. Ó ń pa ẹja ńlá, ó ń pa ọmọ rẹ̀, ó ń pa ọ̀pọ̀lọ́. Omi yẹn náà la sì ń pọn sínú ìkòkò ọbẹ̀! Bí ẹ bá bá ẹja tó kú lọ bẹẹrẹ láàárọ̀, ẹ má ṣà á, ẹ má sì rà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣà á. Ẹ sáré sọ fún Baálẹ̀ kí àwọn apọnmi tó débẹ̀.