Stamkos lọ, ó ṣì ń dùn mí

Mílíọ̀nù 32 dọ́là, ọdún mẹ́rin. Iye tí tíìmù Nashville fún Steven Stamkos, eléré họ́kì orí yìnyín, nìyẹn ní July 1, 2024, lọ́jọ́ tó kúrò ní tíìmù Tampa. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà, Tampa fún Victor Hedman ní kọ́ńtíráàtì tuntun, ẹ gbọ́ iye ẹ̀ o: mílíọ̀nù 32 dọ́là, ọdún mẹ́rin. Kọ́bọ̀ ò lé, kọ́bọ̀ ò dín. Láti 2009 làwọn méjèèjì ti jọ wà nínú tíìmù yẹn, wọ́n jọ gba Stanley Cup, ìyẹn ife ẹ̀yẹ họ́kì, ní 2020, wọ́n tún gbà á ní 2021. Ọ̀kan dúró, ọ̀kan lọ. Àwọn èèyàn mi ní kí n gbàgbé ẹ̀, mi ò tíì rí i gbàgbé, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọkàn mi lè fúyẹ́.

Ẹ̀yin tó jẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan lẹ ń wò, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé díẹ̀. Nínú họ́kì orí yìnyín tí wọ́n ń gbá ní Amẹ́ríkà níbí, nínú líìgì tí wọ́n ń pè ní NHL, olówó tíìmù ò kàn lè máa náwó bó ṣe wù ú. Ìjà owó láàárín àwọn olówó tíìmù àtàwọn eléré ló jẹ́ kí odidi sáà 2004/05 ṣòfò, wọn ò gbá géèmù kankan, nígbà tí wọ́n sì máa padà, wọ́n fi gbèdéke lé iye tí tíìmù kọ̀ọ̀kan lè san fáwọn eléré ẹ̀ lọ́dún. Òun ni salary cap. Mílíọ̀nù 39 dọ́là ló jẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́, nígbà tó fi máa di sáà 2024/25 ó ti di mílíọ̀nù 88. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ ni pé wọ́n á kó gbogbo owó tó wà nínú kọ́ńtíráàtì kan, wọ́n á pín in sí iye ọdún ẹ̀, ohun tó bá já sí lọ́dún kan ni wọ́n á yọ nínú cap. Torí náà gbogbo mílíọ̀nù tó o bá fún àgbà, ẹlòmíì nínú tíìmù yẹn ni ò ní rí i gbà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le.

Èmi dé Tampa ní 2013, láti Ìbàdàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, tẹlifíṣọ̀n wà níbi tá a ti ń sinmi níbi iṣẹ́, Tampa ń gbá pẹ̀lú Boston, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, àfi bí ọmọkùnrin kan ṣe ń sáré padà lọ síwájú gólù tiwọn, ó ṣubú, ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ lu òpó gólù, eegun kán. Ó gbìyànjú àtidìde, kò ṣeé ṣe, ó tún gbìyànjú. Mo bi ẹni tó jókòó tì mí pé ta nìyẹn, ó ní Stamkos. Orúkọ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nínú họ́kì nìyẹn. Nígbà tó di oṣù kẹta 2014 ó ti padà sórí yìnyín, wọ́n sì fi ṣe balógun tíìmù, ọmọ ọdún 24 péré. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo wọ́n, ọdún kọ́ ni, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni.

Tampa ti mú un láti 2008, nígbà táwọn tíìmù ń yan àwọn ọ̀dọ́ eléré, òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè nínú gbogbo ọ̀dọ́ ọdún yẹn. Ní sáà 2011/12 ó gbá gólù 60. Ní 2016 kọ́ńtíráàtì ẹ̀ fẹ́ parí, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé Toronto ló ń lọ, torí ìlú Markham lẹ́gbẹ̀ẹ́ Toronto níbẹ̀ ni wọ́n bí i sí, bí ẹni ń lọ sílé bàbá ẹ̀ ni ì bá jẹ́. Ó ku ọjọ́ méjì kó di ẹni tó lè lọ síbi tó bá wù ú, ó buwọ́ lùwé ní Tampa: mílíọ̀nù 68 fún ọdún mẹ́jọ, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀ lọ́dún. Lóòótọ́, ìpínlẹ̀ Florida kì í gba owó orí lórí owó oṣù, ìyẹn náà ràn án lọ́wọ́, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó lè lọ sílé tó wá ní òun ò lọ, ẹ ò lè sọ pé owó nìkan ló ń wò.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé láé ni ti 2020, ọdún kórónà. Edmonton ni wọ́n kó gbogbo wọn lọ fún ìparí, kò sí òǹwòran kankan nínú pápá. Láti oṣù kejì ni Stamkos ò ti gbá mọ́ torí pé ara ẹ̀ ò dá. Wọ́n dé géèmù kẹta pẹ̀lú Dallas, ni mo bá rí i lórí yìnyín, mo pariwo débi pé ọmọ mi jí. Gbogbo àkókò tó fi gbá lálẹ́ yẹn jẹ́ ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 47. Nínú ìwọ̀nba yẹn ló gbá gólù kan wọlé! Kò sì gbá mọ́ títí tí wọ́n fi gba ife. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ báyìí omi ti ń yọ lójú mi.

Ó wá di 2024. Ọmọ ọdún 34 ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá gólù 40 nínú sáà yẹn, tíìmù Florida Panthers lé wa jáde nínú playoff, ìyẹn ìdíje ife lẹ́yìn sáà, nínú géèmù márùn-ún, gólù márùn-ún lòun nìkan gbá nínú ẹ̀. Gólù 555 nínú géèmù 1,082, kò sẹ́ni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ rí fún Tampa. Nígbà tó di June 29, wọ́n ta Mikhail Sergachev sí Utah, mílíọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀ dọ́là lòun náà ń gbà lọ́dún. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo ní owó Stamkos ti jáde nìyẹn, kódà iye tó ti ń gbà tẹ́lẹ̀ gan-an ni. Mi ò mọ̀ pé Jake Guentzel ni wọ́n ń wá àyè fún. Ọmọ ọdún 29, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lọ́dún, ọdún méje. Bí Guentzel ṣe ń wọlé ni Stamkos ń jáde.

Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́, torí mi ò fẹ́ fi ìfẹ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Tá a bá gbé ìwé àti bírò, Julien BriseBois tó jẹ́ GM Tampa, ìyẹn ọ̀gá tó ń rí sí kọ́ńtíráàtì àwọn eléré, jàre. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e Guentzel gbá gólù 41 fún wa, Stamkos gbá 27 ní Nashville, tíìmù Nashville náà sì wó lulẹ̀, wọn ò sún mọ́ playoff rárá. Àwọn tó ń bú BriseBois pé kò mọ iṣẹ́ ẹ̀, mi ò sí lára wọn. Ó mọ̀ ọ́n gan-an.

Ohun tó dùn mí yàtọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì, Stamkos sọ ọ́ síta fáwọn oníròyìn pé ó dun òun pé wọn ò bá òun sọ nǹkan kan nípa kọ́ńtíráàtì tuntun ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ lódì sí tíìmù! BriseBois ní ó di ìparí sáà kóun tó mọ bí gbogbo nǹkan ṣe máa rí. Mo mọ̀ pé ìṣirò cap ló fà á. Àmọ́ balógun ni, ó ti wà ńbẹ̀ fún ọdún 15, odidi sáà kan ló fi ń wọ aṣọ yẹn láìmọ̀ bóyá wọ́n ṣì fẹ́ òun. Ṣé wọn ò lè pè é jókòó ni? Kí wọ́n ní Steven, iye tá a ní rèé, iye tá a lè fún ẹ rèé, lọ rò ó. Kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀ kan nínú cap.

Bàbá mi ni mo máa ń rántí. Ọdún 26 ló lò níléeṣẹ́ kan ní Ìbàdàn, ọ̀gá tuntun dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọ̀dọ́, wọ́n ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ fún wọn díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un fún nǹkan bí ọdún kan, títí lẹ́tà fi dé. Kì í ṣe iṣẹ́ tó bọ́ ló dùn ún. Ó máa ń sọ fún màmá mi pé, "Bí wọ́n bá pè mí kí wọ́n ní Bàbá, ó ti tó, mi ò bá jókòó gbọ́ ọ." Nígbà tí Stamkos sọ̀rọ̀ yẹn ní 2023, ohùn bàbá mi ni mo gbọ́.

Àwọn àgbà eléré míì gba owó tó kéré kí wọ́n lè dúró ní tíìmù wọn, ó sì ṣeé ṣe. Sidney Crosby ní Pittsburgh, mílíọ̀nù 8.7 ló ń gbà lọ́dún láti 2008, nígbà tó tún buwọ́ lùwé ní oṣù kẹsàn-án 2024 fún ọdún méjì sí i, iye yẹn náà ló gbà, bẹ́ẹ̀ ní oṣù kan náà ni Edmonton fún Leon Draisaitl ní mílíọ̀nù 14 lọ́dún. Patrice Bergeron ní Boston, ní 2022, ọdún kan péré, mílíọ̀nù méjì àbọ̀ nínú cap, ìyókù jẹ́ bónọ́ọ̀sì. Bónọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ o: nígbà tí wọ́n pa tiẹ̀ àti ti David Krejci, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Boston, pọ̀, mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n yọ nínú cap Boston lọ́dún kejì, nígbà táwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì. Bónọ́ọ̀sì ọdún kan kan báyẹn sì wà fún ẹni tó ti pé ọdún 35, àfi díẹ̀ tí àìsàn dá dúró. Stamkos ò tíì pé e nígbà tó lọ ní 2024. Ìkan yẹn náà máa ń ká mi lára, oṣù díẹ̀ ló kù nígbà yẹn.

Èyí tó tún wá dun èèyàn jù ni pé ní ìparí oṣù kìíní 2025, oṣù méje péré lẹ́yìn tó lọ, wọ́n kéde pé cap máa di mílíọ̀nù 95.5, lẹ́yìn náà 104, lẹ́yìn náà 113.5. Àyè tí wọ́n ní kò sí, ó dé.

October 28, 2024, Nashville wá gbá ní Tampa. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wọ aṣọ búlúù mi tó ní 91, nọ́ńbà Stamkos, lẹ́yìn, mo lọ. Wọ́n gbé fídíò ẹ̀ sójú ògiri, gbogbo pápá dìde. Òun náà jáde, ó gbọ́wọ́ sókè sí wa nínú aṣọ tí kì í ṣe tiwa. Ọkùnrin tó wà níwájú mi gbé ọmọ ẹ̀ sórí èjìká kó lè rí i dáadáa. Hedman ni balógun báyìí, mo wò ó bó ṣe dúró tó ń fi igi ẹ̀ lu yìnyín fún ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Kọ́ńtíráàtì Hedman yẹn máa parí ní 2029. Á ti pé ọdún 38, ọ̀nà bónọ́ọ̀sì ọdún kan kan á ti ṣí fún un. BriseBois o, tàbí ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí àga yẹn nígbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é jókòó ní 2028.