Àwọn tí à ń torí wọn kówó jọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí ọmọ mi tó ní cystic fibrosis

Fọ́tò kan wà nínú fóònù mi tí mi ò lè pa rẹ́, tí mi ò sì fẹ́ wò. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 6 nígbà náà, dì mọ́ ọmọkùnrin kan tí kò rí rí kó tó di ọjọ́ yẹn. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Orí ìtàgé ni wọ́n wà, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, torí àwọn gan-an ni a torí wọn pé jọ: ọmọ méjì tó ní cystic fibrosis (CF), tí a ń kówó jọ fún ìtọ́jú àti ìwádìí àìsàn wọn. Èmi ni mo ní kí wọ́n dì mọ́ra. Mo tún ní kí wọ́n sún mọ́ra dáadáa kí ayàwòrán lè mú ojú àwọn méjèèjì.

Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣe fún un fi hàn pé kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Pseudomonas ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kò ní in rí. Mo bi dókítà bóyá ibi ayẹyẹ yẹn ló ti kó o. Ó ní òun ò lè sọ bẹ́ẹ̀, pé kòkòrò náà wà nínú omi, ó wà nínú ilẹ̀, ó wà nínú ihò tí omi ìfọwọ́ ń gbà lọ, kò sẹ́ni tó lè búra. Ó wá ní kí n ròyìn bí ayẹyẹ náà ṣe lọ. Mo rò ó fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Màmá, ta ló sọ fún yín pé ọmọ méjì tó ní CF lè jọ wà nínú gbọ̀ngàn kan náà?”

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọn ò lè jọ wà níbẹ̀, náà.

Tàbí kí n sọ pé wọ́n sọ ọ́, etí mi ni kò gbọ́. Nílé ìwòsàn, a kì í bá àwọn yòókù jókòó dúró de dókítà. Bí a bá ti dé báyìí, nọ́ọ̀sì á fún ọmọ mi ní ìbòmú lẹ́nu ọ̀nà, á sì mú wa wọ yàrá tiwa tààrà. Bí a bá ti jáde, wọ́n á nu gbogbo ibi tí a fọwọ́ kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: mo rò pé wọ́n ń ṣe wá lẹ́ni pàtàkì ni. Mo tiẹ̀ máa ń fi yangàn fún ìyá mi pé àwa kì í tò.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, cystic fibrosis fúnra rẹ̀ kì í ràn. Mo ní láti sọ ìyẹn, torí mo ti rí ẹni tó fa ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Wọ́n ń bí i mọ́ni ni. Èmi gbé àbùkù kan nínú àbùdá tí wọ́n ń pè ní CFTR, bàbá rẹ̀ náà gbé tirẹ̀, a ò sì mọ̀, torí ẹni tó bá gbé ẹyọ kan ṣoṣo kì í ṣàìsàn. Ọmọ tó bá gba ti bàbá, tó tún gba ti ìyá, òun ni àìsàn náà ń bá jà. Lára ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró ki, kó sì lẹ̀ bí àtè. Gbogbo wa là ń mí kòkòrò sínú lójoojúmọ́, ara wa á gbá a jáde. Tiwọn á lẹ̀ mọ́ àtè yẹn, á tẹ̀dó síbẹ̀, á máa bí sí i.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi tí mò ń sá fún eruku àti ọmọ tí imú rẹ̀ ń ṣomi, mi ò mọ̀ pé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún jù ni ọmọ tó jọ tèmi jù. Kòkòrò tó ti gbé inú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ní CF fún ọdún púpọ̀ ti mọ ilé náà tinú-tòde. Oògùn apakòkòrò ti ń gorí rẹ̀ kọjá láti ọjọ́ yìí, ó ti mọ bí òun ṣe lè yè é. Bó bá bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn tó ní CF, irú ilé tó mọ̀ ló tún bá. Ọmọ tó gbé e sì lè máà húkọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ lè yá gágá, kó máa sáré kiri, kí àyẹ̀wò tó kọjá má sì tíì rí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí “ara ọmọ mi yá lónìí” kì í fi í ṣe ìdáhùn.

Àwọn tó ṣáájú wa ti fojú ara wọn rí i. Láyé ìgbà kan, Amẹ́ríkà àti Kánádà ní àgọ́ ìsinmi tí àwọn ọmọ tó ní CF nìkan máa ń lọ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n á jọ sùn, wọ́n á jọ ṣeré, kò ní sí ọmọ tí ikọ́ rẹ̀ yà á sọ́tọ̀. Ire ni wọ́n rò. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1990, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ń kó Burkholderia cepacia ran ara wọn níbẹ̀. Kòkòrò yìí ni Walter Burkholder, onímọ̀ nípa àìsàn irúgbìn, ṣàpèjúwe ní 1950 pé ó ń mú àlùbọ́sà jẹrà. Nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ní CF, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan lè dá òtútù àyà sílẹ̀ tó lè pa èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀yà kan wà tí wọ́n pè ní ET12, ìlú Edinburgh àti Toronto ni wọ́n ti rí i, òkun sì wà láàárín wọn. Wọ́n ti àwọn àgọ́ náà pa. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, ohun tí mo rò ni àwọn òbí tó di àpò ọmọ wọn tayọ̀tayọ̀, tí wọ́n sì juwọ́ sí i.

Ìlànà ọdún 2013 tí àjọ Cystic Fibrosis Foundation ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde sọ pé kí ẹni méjì tó ní CF máa fi ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 6, ìyẹn bíi mítà 2, jìnnà síra. Ó tún sọ pé níbi ìpàdé tó bá wà lábẹ́ òrùlé, ẹyọ ẹnì kan tó ní CF ni kó wá, àyàfi bí wọ́n bá jọ ń gbé ilé kan náà. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe le tó fún ayẹyẹ tí a torí wọn ṣe. Gbogbo ayé lè wọlé, àfi àwọn tó ni ọ̀rọ̀.

Ní ọdún kejì, èmi fúnra mi ni mo jókòó sínú ìgbìmọ̀. Ẹnì kan níbẹ̀, ẹni tí mo fẹ́ràn gan-an, sọ pé: “Ìyá wa, bí àwọn èèyàn bá rí àwọn ọmọ yẹn pọ̀ lórí ìtàgé, owó tó máa jáde á pọ̀ sí i.” Òótọ́ ló sọ. Mo ní a ó ya fídíò wọn, oníkálùkù nílé tirẹ̀, a ó sì so ó pọ̀. Kò kọ́kọ́ dùn mọ́ wọn nínú. Bí ẹ bá wà nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìfẹ́ ni yóò máa tì yín sínú ewu. Ìkà kankan ò sí níbẹ̀ tí ẹ máa bínú sí, ó sì ṣòro láti sọ pé rárá fún ẹni tó ń ṣe yín lóore.

Ohun tó wá bá mi lójijì ni ti àwọn àgbàlagbà. A ti kọ̀wé sí gbogbo òbí pé kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní CF sọ fún wa ṣáájú, a sì rò pé a ti parí iṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, ọkùnrin ọlọ́yàyà kan jókòó sídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀, ó ń fún àwọn èèyàn ní bírò, ó ń gbà á padà, ó ń fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí. Ọ̀sán ni mo tó gbọ́ pé òun náà ní CF. Ó wá ṣèrànwọ́ torí ó mọ bó ṣe ń dunni. A bi gbogbo òbí léèrè, a ò bi àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Ìtọ́jú ti dára ju ti àtijọ́ lọ, àwọn tó ní in ń dàgbà, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń yọ̀ǹda ara wọn. Nítorí náà gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ la ń bi báyìí, látorí olórin dórí ẹni tó ń to àga. A kì í kéde ìdáhùn wọn. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ ló ń mọ̀ ọ́n, òun ló sì ń pín àkókò kí àwọn tó ní CF má bàa pàdé.

Ìta gbangba ni mo fara mọ́ jù. Afẹ́fẹ́ ń gbé nǹkan lọ níbẹ̀, àyè sì wà láti fi jìnnà síra. Àmọ́ ìta náà ní tirẹ̀. Koríko gbígbẹ tí wọ́n dì kí àwọn èèyàn lè jókòó lé, tàbí èyí tí wọ́n tẹ́ fún ẹṣin tí àwọn ọmọ ń gùn, èbu tí wọ́n ń pè ní Aspergillus fẹ́ràn rẹ̀, bó ṣe fẹ́ràn ewé tó ń jẹrà. Bí wọ́n bá ti ń tú u ká, ọmọ mi kì í sí nítòsí. Bákan náà ni agbada omi tó ti wà nílẹ̀ láti àná, tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré, àti ìbọn ìṣeré tí omi ti dákẹ́ sínú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ilé ìṣeré aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fò lórí rẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ níbẹ̀, tí ojú wọn ń kan ara wọn! Ẹni tó ń kun ojú ọmọ sì ń ti kànrìnkàn kan náà bọ omi kan náà, láti ojú ọmọ kìíní dé ojú ọmọ ogójì. Ọ̀dà tiwa ni mo máa ń mú lọ báyìí. Ti máìkì ni mo gbàgbé títí di ọdún kẹta: gbogbo ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ ló ń fi í kan ẹnu.

Ẹni tí òtútù bá ń mú kó jókòó sílé rẹ̀, kó fowó ránṣẹ́. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìpè, ẹnì kan sì bínú. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Sánítáísà wà lórí gbogbo tábìlì, òun lohun tó rọrùn jù, òun sì ni àwọn èèyàn ń rò pé ó ti tó. Sánítáísà ò lè ṣe nǹkan kan fún ikọ́ tó wà nínú afẹ́fẹ́.

Mi ò ní kí ẹ ti ọmọ mọ́lé o. Ọmọ mi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, sáré sísá sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kí ẹ ṣáà rántí pé iyọ̀ tó ń bá òógùn wọn jáde ju tiwa lọ, bí ìrìn ìkówójọ bá bọ́ sínú oòrùn.

Ìyá ọmọkùnrin inú fọ́tò yẹn ni mo pẹ́ kí n tó pè. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń mú fóònù, tí mo ń gbé e sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé ìlà ti já. Ó wá ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, tiwa ti ní in tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ.” Ó bú sẹ́kún. Mo sọ ohun tí dókítà sọ fún mi, pé kò sẹ́ni tó lè búra, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọjọ́ 28 ni ọmọ mi fi ń mí oògùn apakòkòrò sínú láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò, kòkòrò náà ti lọ. A ò bọ́ nínú ìbẹ̀rù rẹ̀ láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó lọ.

Bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ mi gan-an ló le. Mo ní kó má sún mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tuntun mọ́, ó sì bi mí pé kí ni ọmọ náà ṣe. Mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Àṣìṣe nìyẹn. Ó rò pé òun lòun dọ̀tí. Kí ẹ sọ òótọ́ fún wọn, kó sì ṣe kedere pé ti àwọn méjèèjì ni ìdáàbòbò náà, kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n ń rí ara wọn lórí fóònù nísinsìnyí, ariwo wọn sì lè fọ́ èèyàn létí.

Ní ayẹyẹ tó kọjá, ọmọ mi gba àárọ̀, ọmọkùnrin náà gba ọ̀sán. Kí tèmi tó kúrò níbẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí sìmẹ́ńtì pé: “Mo sáré jù ẹ́ lọ.” Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá ọmọ náà fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ náà ti fi ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀ kọ ìdáhùn sí apá kejì, ní mítà 2 gééré, wọ́n wọ̀n ọ́n: “Irọ́ ni.”