Ẹ̀yin ìyá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ Olúwa, ẹ tọ́jú ìwé yín

Ẹ̀yin ìyá àti àbúrò mi tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ pásítọ̀ tí wọ́n kàn ń pè yín ní "Ìyá Ìjọ", ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ wa níbí l'Ékìtì. Àwọn èèyàn ṣì ń wá kí mi kú oríire, inú mi sì dùn, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí kí n tó débẹ̀ kò tíì kúrò lára mi.

Nígbà tí baba tó dá ìjọ wa sílẹ̀ papòdà, Ìkọ̀lé ni mo wà. Èmi ni mò ń ṣe ìrìbọmi níbẹ̀, èmi ni mò ń sin òkú, èmi ni wọ́n ń jí lóru bí tọkọtaya bá ń jà. Baba fúnra wọn ló fi òróró yàn mí. Lọ́jọ́ ìsìnkú wọn, mo wọ kásọ́ọ̀kì mi, mo tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn àlùfáà yòókù ní yàrá ìmúra, à ń retí kí akọrin bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí mo kọ́ ní kíláàsì ìrìbọmi, tó ti di pásítọ̀, ló wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Àwọn àgbà ní kí ẹ bọ́ aṣọ yẹn. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù àlejò ti dé. Wọ́n ní kí ẹ lọ bá àwọn ìyàwó pásítọ̀ bójú tó iyán."

Mo wo ojú àwọn tó kù, gbogbo wọn ń wolẹ̀. Ẹnì kan tí mo gbààwẹ̀ fún nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ńṣe ló ṣí ìwé orin. Mo bi wọ́n pé kí ni mo ṣe. Akọ̀wé àgbà dáhùn pé, "Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Baba yàn yín?" Mo bọ́ kásọ́ọ̀kì náà lójú wọn, bọ́tìnnì kan lẹ́yìn òmíràn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìró àti bùbá ló kù lára mi. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ìlẹ̀kùn yàrá yẹn já sí, nítorí náà mo gba iwájú gbogbo ìjọ kọjá. Àwọn ará Ìkọ̀lé tó bá mi wá rí mi. Àbígbẹ̀yìn mi dìde, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kó jókòó. N kò lọ sídìí iyán. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, mo sì sin baba mi nínú Olúwa bí àlejò.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà kò gùn. Baba fún mi ní lẹ́tà lọ́jọ́ tí wọ́n yàn mí, òǹtẹ̀ ìjọ wà lórí rẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbé mi lọ sí Ìkọ̀lé náà wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ́ wọn sórí tábìlì níwájú ìgbìmọ̀, kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀. Ìyókù, Ọlọ́run ló ṣe é.

Nítorí náà, ẹ gba ìwé, ẹ tọ́jú ìwé. Kì í ṣe pé mo ń wá oyè kiri, ará Ìkọ̀lé lè jẹ́rìí. Ọkọ mi náà kò sì lòdì sí i, òun ló fi máṣíìnì gbé mi lọ sí ìpàdé náà.

Lọ́dún 1944, nígbà ogun, tí àlùfáà kò lè dé Macau, ìlú kan lẹ́bàá Hong Kong, bíṣọ́ọ̀bù Hong Kong yan Florence Li Tim-Oi tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ tó di àlùfáà nínú ìjọ Áńgílíkà. Ogun parí tán, wọ́n fúngun mọ́ ọn títí ó fi dá ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ padà lọ́dún 1946. Àmọ́ kò gbà láé pé òun kì í ṣe àlùfáà mọ́. Ìgbà ìṣòro ni wọ́n máa ń rí wa! Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ni wọ́n kọ́kọ́ yí padà lọ́dún 2014 kí wọ́n tó lè ya obìnrin kan, Libby Lane, sí mímọ́ ní bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 2015. Ilẹ̀ Áfíríkà wa ti ṣáájú wọn, torí obìnrin kan, Ellinah Wamukoya, ti di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní Swaziland (tó ń jẹ́ Eswatini báyìí) lọ́dún 2012.

Àwọn tó ń fi Pọ́ọ̀lù dí wa lọ́nà, ẹ ní kí wọ́n ka Róòmù orí 16. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló fi Fébè, arábìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìjọ Kenkíréà, lé àwọn ará Róòmù lọ́wọ́, pé kí wọ́n gbà á nínú Olúwa. Nínú lẹ́tà ló ti sọ ọ́.

Ẹ má jà lójú agbo. Ẹ ka ìwé òfin ìjọ yín. Ẹ̀yin tó wà ní Ọ̀yẹ́, Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n, Ọ̀mùò, bí wọ́n bá tún ní kí ẹ máa bójú tó ẹ̀ka kan "títí a ó fi rí pásítọ̀", ẹ kúnlẹ̀, ẹ dáhùn pé, "Ẹ ṣeun sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ fún mi." Kẹ́ ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ọ̀kan sílé, ọ̀kan sọ́dọ̀ ọmọ yín tó wà l'Ádó.