Ṣé mọ́tò yín ló bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí nìyẹn ní Dìsẹ́ńbà tó kọjá lójú ọ̀nà Ìdànrè, kì í ṣe èèyàn kan o, mo kà á dé mẹ́jọ kí n tó ṣíwọ́. Ohun tí mo ṣe ò ju pé mo ní kí dẹ́rẹ́bà já mi sílẹ̀ díẹ̀ kọ́kọ̀ tó wọ ìlú, torí mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn wọlé, kí n máa wo àwọn àpáta ńláńlá yẹn bí wọ́n ṣe ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Dẹ́rẹ́bà wò mí nínú díńgí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹnì kan ṣẹ̀ yín nínú ọkọ̀ ni?" Mo ní rárá. Ó ní ṣénjì mi ńkọ́, mo ní mo ti gbà á. Ó já mi sílẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ mo rí i lójú ẹ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ò yé e.

Ọlọ́kadà tó bá ti ń bọ̀ lẹ́yìn á rọra, á ní "ẹ gun ká lọ, ṣé mọ́tò yín ló bàjẹ́ ni?" Ìyá kan tó ń sá kòkó sẹ́bàá títì tiẹ̀ pè mí, ó tú etí ìró ẹ̀, ó ní "ọmọ mi, gba nǹkan kékeré yìí wọ ọ̀kadà, oòrùn yìí ti pọ̀ jù." Èmi tí mo ti Ìlú Ọba dé! Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, mi ò gba owó ẹ̀, ó wá rò pé mò ń gbéra ga ni.

Ohun kan náà yìí ni mò ń ṣe ní Sheffield lẹ́ẹ̀mejì lóṣù o, kò sẹ́ni tó ń wojú mi.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti wà níbẹ̀. Iṣẹ́ kíà ni mò ń ṣe, mò ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru, mò ń sùn lọ́sàn-án, tó bá dọjọ́ ìsinmi màá kàn jókòó sínú yàrá máa tẹ fóònù, títí òyìnbó obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tó máa tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, fi ní kí n pàdé òun ní ibùdókọ̀ Pond Street láàárọ̀ Sátidé ká jọ wọ bọ́ọ̀sì 272. Mo rò pé òde là ń lọ, mo wọ bàtà kọ́fà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bàtà kọ́fà, ẹ bá mi ro ohun tójú mi rí. Inú bọ́ọ̀sì kún fún àwọn arúgbó tó ń fi káàdì wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n mú ọ̀pá dání, wọ́n wọ bàtà tó nípọn bíi ti sójà, àwọn ajá náà wọlé wọ́n dùbúlẹ̀ sábẹ́ àga bí ẹni tó sanwó. Ní Akúrẹ́, ewúrẹ́ ló máa ń bá wa wọkọ̀, inú búùtù sì ni tiẹ̀.

A sọ̀ kalẹ̀ ní Castleton, a gun Mam Tor, mítà 517 ni gíga ẹ̀, a wá ń tọ góńgó òkè lọ bí ẹni ń rìn lórí ẹ̀yìn ẹṣin, àfonífojì lọ́tùn-ún, àfonífojì lósì, afẹ́fẹ́ ń gbá mi létí, títí a fi dé Lose Hill, nígbà tá a máa sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì abúlé míì la bá ara wa, Hope ni wọ́n ń pè é, 272 yìí kan náà ló tún wá kó wa níbẹ̀. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyẹn. O ò ní mọ́tò tó ń dúró dè ẹ́ níbì kan, kò sídìí láti tún padà tọ ipa ẹsẹ̀ àárọ̀, ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé ẹ dé, táìmù ọkọ̀ ti wà lára òpó níbẹ̀. Owó ẹ̀ nígbà yẹn, pọ́n-ùn 2, torí láti Jánúárì 2023 ni ìjọba ti ní wọn ò gbọdọ̀ gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní 2025 ó di pọ́n-ùn 3.

Nísàlẹ̀ Mam Tor, títì kan wà níbẹ̀ tó ti là sí wẹ́wẹ́, apá kan ròkè apá kan rì, ọ̀dà ẹ̀ ṣì ń dán. Mo ní àwọn wo ló gbé títì wa wá síbí báyìí? Wọ́n ní òkè yẹn kì í dúró sójú kan, ilẹ̀ ẹ̀ ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n tún un ṣe, tún un ṣe, ó sú wọn, ní 1979 wọ́n ti títì náà pa fún mọ́tò. Ẹlẹ́sẹ̀ ló jogún ẹ̀.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé àárín oko olóko la ń gbà. Àgùntàn ń jẹko, ilé olóko ń bẹ lọ́ọ̀ọ́kán, àmì yẹ́lò kékeré wà lára òpó pé ibí ni kó o gbà, tó o bá ti pa géètì dé lẹ́yìn ara ẹ kò sẹ́ni tó máa lé ẹ. Ìyá òyìnbó ní wọ́n jà fún un ni. Ní April 1932 àwọn òṣìṣẹ́ láti Manchester àti Sheffield fi tipátipá gun Kinder Scout tí ò jìnnà síbẹ̀, àwọn ọlọ́lá tó ń yìnbọn ẹyẹ ló ni òkè náà wọn ò sì fẹ́ rí tálákà lórí ẹ̀, márùn-ún nínú àwọn tó gùn ún ló ṣẹ̀wọ̀n. Agbègbè yẹn ló wá di ọgbà orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ nílùú wọn ní 1951, òfin tó ní kí èèyàn máa rìn fàlàlà lórí àwọn òkè gbalasa láìtọ ọ̀nà kan pàtó, 2000 ni wọ́n tó ṣe é. Ẹ̀wọ̀n torí ìrìn lásán!

Nílé, ta ló ń ti ọ̀nà oko? Ẹni tó bá ti lè ké "ẹ kú iṣẹ́ o" ló ni ín. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ò ń lọ. Oko ta ni? Ọmọ ta ni ẹ́? Tó o bá ní ò ń rìn lásán wàhálà dé nìyẹn, pàápàá lásìkò kòkó tí kálukú ń ṣọ́ tiẹ̀. Ká má tíì sọ ti àwọn ajínigbé tó sọ ojú ọ̀nà dìbẹ̀rù. Nígbà tí mo ní màá dá lọ, ìyá mi ò fọhùn títí, ó wá ní, "Ọkọ mi, ṣé torí òkúta?"

Ọ̀rọ̀ táìmù ńkọ́? Mọ́tò Ìdànrè ò ní táìmù, ìgbà tó bá kún ni táìmù ẹ̀. Mo jókòó ní gáréèjì Akúrẹ́ láàárọ̀ yẹn, "ó kẹnì kan, ó kẹnì kan," ẹnì kan yẹn ò dé fún odidi wákàtí kan. Mi ò lè bínú sí dẹ́rẹ́bà, owó ọlọ́kọ̀ ń dúró dè é nírọ̀lẹ́, owó epo ti ga látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní 2023, ìjókòó kan tó ṣófo, oúnjẹ ọmọ ẹ̀ ni. Bọ́ọ̀sì àwọn abúlé lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bá wọn san nínú owó ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe lè gbé èèyàn mẹ́ta rin ìrìn wákàtí kan.

Ṣùgbọ́n táìmù yẹn náà ò mojú ẹnì kankan o. Ní Sọ́ńdè kan, táìmù Sátidé ni mo wò, ẹ̀yìn ọkọ̀ tó kẹ́yìn ni mo rí ní Castleton, mo sáré, mo juwọ́, ó lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn tó máìlì méjì àbọ̀ lọ sí ibùdó rélùwéè tó wà lẹ́yìn Hope, ọkọ̀ tó kọjá lára mi máa tó ọgbọ̀n, kò sẹ́ni tó rọra, kò sẹ́ni tó ní ṣé mọ́tò mi ló bàjẹ́.

Ti Ìdànrè tí mo wá dé yẹn, mo sanwó wíwọlé, mo gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Mam Tor ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Yàtọ̀ sí gíga, èèyàn ti gbé orí àpáta yìí rí, ààfin Ọwá àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé wà, ibi tí wọ́n ti ń dájọ́ wà, kò tíì ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀, láti 2007 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àṣà, ti kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tó ń retí àtidi ogún àgbáyé. Ẹni tó ń mú mi yí ká fi ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta hàn mí, ojú ẹsẹ̀ Àgbóògùn ni wọ́n ń pè é, ó ní gbogbo ẹsẹ̀ ló máa ń bá mu àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Mo ti ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́, ó bá mu, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ebi ti fẹ́ pa mí kú, mo jókòó ti iyán àti ẹ̀gúsí ẹlẹ́ran ìgbẹ́, ilẹ̀ ti ń ṣú, mi ò tiẹ̀ rántí ọkọ̀. Bí mo ṣe bu òkèlè kẹta mo gbọ́ fèrè. Dẹ́rẹ́bà àárọ̀ ni. Ó ti wò mí láti gáréèjì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ ẹ̀ ti kún, ó fi aṣọ ìnulẹ̀ ẹ̀ gba àyè kan síwájú. "Ẹ̀gbọ́n onírìn! Ẹ̀yin nìkan la ń dúró dè o, ẹ jẹ iyán yín tán, àmọ́ ẹ ṣe kíá."

Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń bú u, wọ́n ń bú èmi náà. Mo fọwọ́ mi, mo wọlé.