Wọ́n jẹ́ kí n wò ó kó tó di òrìṣà

Sátidé, Kannur, ìpínlẹ̀ Kerala, orílẹ̀-èdè India

Èéfín imọ̀ àgbọn ṣì wà lára aṣọ mi bí mo ṣe ń tẹ eléyìí, mi ò sì tíì fojú kan oorun láti àná, àmọ́ mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó sùn, torí tí mo bá jí, iná nìkan ló máa kù lọ́kàn mi, iná yìí náà ló sì ti pọ̀ jù nínú fọ́tò gbogbo àwa tá à ń gbé kámẹ́rà wá síbí. Theyyam ni mo lọ yà.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ní àríwá Kerala, pàápàá Kannur àti Kasaragod, láti ìparí October títí wọ May kí òjò ńlá tó dé, òrìṣà ló ń sọ̀kalẹ̀ sára èèyàn káàkiri abúlé, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Theyyam. Inú igbó òrìṣà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní kavu ló pọ̀ jù, abẹ́ igi, níbi tí ilé òrìṣà lè má ju yàrá kan lọ. Wọ́n ní Theyyam ju oríṣi 400 lọ, òmíràn abo òrìṣà, òmíràn jagunjagun tó kú sójú ogun, òmíràn ẹni tí wọ́n pa láìṣẹ̀ tí wọ́n wá ń bọ lẹ́yìn ikú ẹ̀. Àwọn tó ń gbé e, ìdílé Vannan, Malayan, Velan, Pulayan àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn náà ni wọ́n kà sí ẹni ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ètò caste, ìyẹn ipò tí wọ́n bí èèyàn sí. Láyé àtijọ́ ní Kerala, tí ẹni òkè bá ń bọ̀ lọ́nà, ṣe ni wọ́n gbọ́dọ̀ yà fún un, kí wọ́n má sún mọ́ ọn rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo débẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ àdúgbò ló mú mi lọ bá àwọn àgbà kavu, torí àwọn ibòmíràn ti ń sọ pé àwọn ò fẹ́ kámẹ́rà mọ́, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, kí n má lo fláàṣì, kí n má kọjá okùn, pé tí mo bá gbọ́ràn, mo lè wọ ibi tí wọ́n ti ń kùn ún. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ wọ̀.

Imọ̀ àgbọn ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí i ká. Ọkùnrin tó fẹ́ gbé Chamundi, abo òrìṣà kan, dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹní, ẹni tó ń kùn ún kúnlẹ̀ lẹ́bàá orí ẹ̀, ẹyọ ìgbálẹ̀ àgbọn kan ló mú lọ́wọ́, ó ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹnu ẹ̀ títí ó fi rí tín-ín-rín, ó ń tì í bọ àwọ̀ pupa, ó ń fà á láti etí wá sí igun ojú, ìlà lórí ìlà, ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ni funfun, dúdú sì ti ara èéfín fìtílà wá. Ẹni tó dùbúlẹ̀ dijú, ó ń mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ kọjú sí mi, ó ti sán, sìmẹ́ǹtì sì há sínú ibi tó sán, torí iṣẹ́ lébírà ló ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Mo ya ẹsẹ̀ yẹn kí n tó ya ojú ẹ̀. Lẹ́ńsì 50mm ni mo lò, mo ṣí i gbagada dé f/1.8 kí iná lè wọlé, mo gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba iná sí, sókè dé 3200, gílóòbù kan ṣoṣo tó rọ̀ lókè orí wọn ni gbogbo iná tí mo ní.

Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí, torí ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Òkè-Ògùn bíi tèmi mọ̀ pé a kì í ṣíṣọ lójú eégún. Ará ọ̀run ni, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ dá ìrìn ẹni tó wà nínú ẹ̀kú mọ̀, ẹ ó ṣe bí ẹni tí ò mọ̀. Níbí, gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọdé ń rọ́ wọlé wá wò ó, wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é lójoojúmọ́. Ìgbà tí kíkùn parí, wọ́n mú un jókòó sórí àpótí níwájú ilé òrìṣà, wọ́n de adé ńlá mọ́ ọn lórí, wọ́n wá gbé dígí kékeré kan fún un. Ó wo dígí. Ó tún wò ó. Èjìká ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìlù chenda bú sókè, látìgbà yẹn mi ò gbọ́ kẹ́nikẹ́ni pe orúkọ ẹ̀ mọ́.

Ohun tí mò ń rò láti àárọ̀ nìyẹn. Wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́, síbẹ̀ ìgbàgbọ́ wọn ò dín. Sí mi o, ibi dígí yẹn ló tóbi jù nínú Theyyam, ó ju iná lọ.

Mo fi fọ́tò dígí náà ránṣẹ́ sí Màámi lórí WhatsApp, kíá ni wọ́n pè mí. "Ṣé eégún wọn nìyẹn? Ta ló ní kó o wọbẹ̀?" Mo ní, "Màámi, àwọn àgbà ibẹ̀ ló gbà mí láyè." Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n má gbé e sí Facebook láìbi ẹni tó ni ojú." Mo ti bi í, ó ní kò burú.

Ìdájí ni Pottan, Theyyam mìíràn, jáde, ẹlòmíràn ló gbé ìyẹn. Wọ́n ti sun igi láti òru, ó ti di òkìtì ẹ̀yinná, ooru ẹ̀ ń ta sí wa lójú níbi tá a dúró sí. Màrìwò àgbọn tútù ni Pottan ró mọ́dìí. Ó rìn lọ síbi iná, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹ̀, ó ń sọ pé òtútù ń mú òun, àwọn tó dúró tì í fà á dìde, ó tún padà lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya irú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà dá ṣe é fúnra ẹ̀, torí á fẹ́ kí òru mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, pupa á wá kún bo gbogbo ẹ̀. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń gbà kù, ẹ jẹ́ kí dúdú ṣe dúdú.

Ìtàn Pottan ló ń mú mi lọ́kàn. Wọ́n ní Shankaracharya, ọ̀mọ̀wé ńlá ayé ọjọ́un, pàdé ẹni ìsàlẹ̀ kan lọ́nà, ó ní kó yà fóun. Ọkùnrin náà wá bi í pé tí wọ́n bá gé ìwọ, tí wọ́n gé èmi, ṣebí ẹ̀jẹ̀ kan náà ló máa jáde. Ọ̀rọ̀ yìí ni Pottan ṣì ń sọ lójú gbogbo ènìyàn, látẹnu ọmọ àwọn tí wọ́n lé kúrò lọ́nà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, bàbá arúgbó kan tí wọ́n ní ìdílé ẹ̀ ló ni oko ìrẹsì àgbègbè yẹn tẹ̀ ba níwájú Chamundi, ó na ọwọ́ méjèèjì, Chamundi gbá a mú, ó fún un ní àtalẹ̀ pupa. Mo ya ìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ làwọn tó ní ìṣòro tò wá, obìnrin kan di ọwọ́ òrìṣà náà mú, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún, òrìṣà náà tẹ́tí títí ó fi sọ ọ́ tán kó tó dá a lóhùn. Mo bo lẹ́ńsì mi. Àwọn kan tó gbé kámẹ́rà bíi tèmi na tiwọn sójú obìnrin yẹn, inú sì bí mi gidi gan-an, ẹ̀bẹ̀ tó ń bẹ òrìṣà ẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tiwa. Pierre Verger, ayàwòrán ọmọ Faransé tá a mọ̀ sí Fátúmbí, ya òrìṣà wa láti Dahomey (Benin òde òní) dé Bahia ní Brazil, àmọ́ kò kàn yà á kó sá lọ, ó jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe é ní babaláwo ní Kétu lọ́dún 1953.

Kí n tó kúrò, wọ́n ti nu ojú ọkùnrin náà pẹ̀lú òróró, lébírà ti padà dé. Mo bi í pé fọ́tò wo ló fẹ́ kí n tẹ̀ fún òun. Mo ṣe bí ẹni pé adé ló máa mú, ó ní rárá, pé kí n ya òun àti ọmọ òun ọkùnrin tó ń kọ́ chenda, báwọn ṣe wà yìí, láìsí nǹkan kan lójú. Mo yà wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Sítúdíò kan wà nítòsí ibùdókọ̀, Mọ́ńdè ni wọ́n máa ṣí, mo máa tẹ méjì, ọ̀kan tiẹ̀, ọ̀kan fún ìyá ẹ̀.